Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Wa àti Ìtọ́jú Eyín



Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìlera, àwọn kan rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ni n óò kọ lé lórí. A ti gbọ́ nípa méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí a kì í sábà dárúkọ pọ̀: ẹ̀jẹ̀ wa àti eyín wa. N kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe fún ọdún 35 kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Terminus ní ọdún 2006 ló sọ mí di ẹni tí ń bi àwọn dókítà léèrè, tí ń wá ìwé kà, títí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi. Ohun tó yé mi ni mo fẹ́ sọ fún yín.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ TERMINUS

Gbogbo àwa tí a ti pẹ́ ní Jos la rántí bí ọjà ńlá Terminus ṣe jó ní oṣù kejì ọdún 2002. Ìsọ̀ àbúrò mi obìnrin wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn iná náà, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń tẹ́ àǹkárá rẹ̀ sí, kò sì rọrùn fún un láti fi ọjà sílẹ̀. Nígbà tí akokoro wá mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 16, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún 2006, èmi ni ó bẹ̀ pé kí n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, irú èyí tí ń mú kí ètè bẹ́.

Kí a tó kúrò nídìí àtẹ rẹ̀, àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé SS ni o. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má lọ dé etí àwọn tí yóò fẹ́ ọmọ mi lọ́la." Mo ní mo ti gbọ́.

A dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí wọn kò jẹ̀bi. Dókítà ọ̀hún kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ọmọ yìí ní àìsàn kankan tó ti ń bá a fínra tẹ́lẹ̀? Ǹjẹ́ oògùn kan wà tó ń lò lójoojúmọ́?" Èmi tí mo ti fún àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ torí pé wọ́n fi òótọ́ pamọ́ nínú fáìlì, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Kò sí o. Ara rẹ̀ le."

Ó yẹ ẹnu ọmọ náà wò. Ó ní òun kò rí ihò kan tó ṣe gúnmọ́, pé kí a lọ ya X-ray kí a sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ń sunkún. Èmi ni mo bẹ dókítà títí pé kó ṣáà bá wa yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó fi eyín náà lé mi lọ́wọ́ nínú òwú. Funfun báláú ni. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

Orí ọ̀kadà la gbà délé nínú òtútù. Ọmọ kò jẹun, kò sì mu omi, ó ní ẹnu ń dun òun. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó gba ẹ̀yìn, ó dé àyà. Ọjọ́ 9 ló lò nílé ìwòsàn, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà àgbà kan bi mí léèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹni tó yọ eyín yìí mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ náà ní?" N kò lè dá a lóhùn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé eyín nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n òtútù, ìrora, òùngbẹ àti ìbẹ̀rù, gbogbo ohun tí ń jí àrùn náà dìde, la kó lé ọmọ lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí ẹni tó múra sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ló yọ wá. Bí ọmọ náà bá ti kú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí mo sọ lẹ́nu ni ì bá pa á: "Ara rẹ̀ le o."

KÍ NI Ẹ̀JẸ̀ NÍ Í ṢE PẸ̀LÚ EYÍN?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé eyín dà bí òkúta tí a rì mọ́ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú eyín kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tó rọ̀, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gba inú egungun wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá yọ eyín, ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú egungun àgbọ̀n, ní ibi tí oúnjẹ àti itọ́ ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kí ojú ọgbẹ́ náà tó lè jinná. Èkíní, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa yóò gbé atẹ́gùn tí a ń mí símú dé ibẹ̀. Èkejì, àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, pẹ̀lú àwọn wóró kéékèèké tí à ń pè ní platelet, yóò dí ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yóò gbógun ti kòkòrò àrùn. Bí ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí bá mẹ́hẹ, eyín yíyọ tí kò tó nǹkan lè di ohun ńlá. Ìdí nìyí tí oníṣègùn eyín tó mọṣẹ́ fi ń béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ kó tó ní kí o la ẹnu. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ àṣírí ilé rẹ.

ÀRÙN FÒNÍKÚ-FỌ̀LADÌDE

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó kàn wá jù. Láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní AS. Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 tó ní SS ni à ń bí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS méjèèjì, ìgbàkígbà tí aya bá lóyún, ewu pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, ẹ má ṣe fi í wé SS.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń kà nípa àrùn yìí. Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ aláwọ̀ funfun kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ní in, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ni. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù Grenada. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1904. Àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn níbẹ̀, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Ernest Irons sì rí i nínú ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kọ ọ́ jáde ní ọdún 1910. Noel gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1907, ó padà sílé, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916, ní ẹni ọdún 32. Àìsàn inú àyà ló pa á.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dára rí roboto, ó sì rọ̀, a máa gba inú iṣan tó tín-ín-rín kọjá wọ́ọ́rọ́. Ó ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS máa ń le, a sì tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí atẹ́gùn bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, tí omi ara bá gbẹ, tí òtútù bá mú un, tí ibà tàbí kòkòrò àrùn bá wọlé, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Àwọn dòjé yìí a dí iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ibi tí wọ́n bá dí a sì máa ro ẹni bí iná. Wọn kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kí wọ́n tó kú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í fi í tó.

Kí ló wá kan ẹnu níbẹ̀? Ó kan ẹnu gan-an ni.

Ìṣáájú, dòjé lè dí iṣan tó wọ inú eyín. Eyín náà yóò máa ro bí ẹni pé akokoro ni, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kankan kò jẹ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí eyín funfun tó wà nínú òwú lọ́wọ́ mi. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, bóyá dókítà náà ì bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò yọ ọ́ láìrí X-ray.

Èkejì, egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lè ro, ó lè gba kòkòrò, ètè ìsàlẹ̀ sì lè kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má rò pé ẹnìkan ló fi nǹkan ṣe ọmọ náà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta, nítorí pé mùdùnmúdùn inú egungun ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun, egungun àgbọ̀n òkè lè gbòòrò, eyín iwájú á sì yọ síta. Eyín àwọn ọmọ mìíràn a máa pẹ́ kó tó hù. Kí a má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníṣègùn eyín lè tún un tò, bí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń mu oògùn olómi aládùn láti kékeré. Ṣúgà inú rẹ̀ ń ba eyín jẹ́. Bí ọmọ bá ti mu oògùn tán, ẹ fún un lómi kó fi yọ ẹnu.

Báwo ni kí a ṣe mú ẹni tó ní SS lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín? Kí a mú un lọ nígbà tí ara rẹ̀ dá, kì í ṣe nígbà tí ìrora wà lára rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì. Kí ìjókòó náà má pẹ́. Kó mu omi dáadáa kó tó lọ àti lẹ́yìn tó bá dé. Kó wọ aṣọ tó nípọn. Jos yìí ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, òtútù ọyẹ́ wa kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, ẹ dúró kí oòrùn yọ díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ jáde nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú kan kú kì í sábà ní ewu fún un. Ṣùgbọ́n oògùn tí ń mú ènìyàn sùn pátápátá, ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n ti lò ó, lẹ́yìn tí dókítà ẹ̀jẹ̀ bá ti mọ̀ sí i. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí ibà bá wà, ẹ má fi dúró dọ̀la, nítorí kòkòrò inú eyín nìkan tó láti dá ìrora sílẹ̀ ní gbogbo ara.

ORIN ÀTÀ ILẸ̀ WA

Kí n tó kúrò lórí SS, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun kan tó jẹ́ tiwa. Gbogbo wa la mọ orin àtà, gbòǹgbò tí àwọn bàbá wa fi ń rin ẹnu, tó máa ń ta ahọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Obafemi Awolowo University lónìí, kọ ọ́ jáde pé omi tí àwọn fà jáde lára gbòǹgbò igi yìí mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Inú ìgò àyẹ̀wò ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o. Iyì ńlá ni fún wa pé ohun tí a fi ń rin eyín ló tọ́ka sí ọ̀nà kan nípa ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé orin àtà ti wo SS sàn. Kò tíì di oògùn tí àwọn dókítà fọwọ́ sí fún un. Ẹ máa fi rin ẹnu bó bá wù yín, rọra ni kí ẹ fi í, kó má dá èrìgì yín légbò. Ẹ má sì fi rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ.

Ẹ̀JẸ̀ TÍ KÌ Í DÌ

Àwọn mìíràn wà tí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn pé, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì bó ṣe yẹ. Èyí tí a mọ̀ jù ni hemophilia. Nínú ara, èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà pè wọ́n. Ẹni tí èròjà kẹjọ kò bá tó lára rẹ̀ ní hemophilia A. Ẹni tí ẹ̀kẹsàn-án kò bá tó lára rẹ̀ ní B. A máa kan nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 5,000 ní ti A. Ìyá ló sábà máa ń gbé e fún ọmọkùnrin rẹ̀, láìmọ̀ pé òun ní in lára. Ṣùgbọ́n nínú bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní in, kò sí ẹni tó ní in rí nínú ìdílé wọn. Nítorí náà, kí ọkọ má di ẹ̀bi ru ìyàwó. Ààfin ọba gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ Leopold, tó ṣubú, tó sì kú ní ọdún 1884 ní ẹni ọdún 30.

Òmíràn ni èyí tí Erik von Willebrand, dókítà ọmọ ilẹ̀ Finland, ṣàlàyé ní ọdún 1926, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè. Èyí kì í mọ sí ọkùnrin nìkan, obìnrin náà ń ní in, ó sì wọ́pọ̀ ju hemophilia lọ.

Báwo ni a ó ṣe fura? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n dábẹ́ fún ọmọkùnrin yìí, ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ kọ̀ tí kò dá bọ̀rọ̀? Nígbà tí eyín wàrà rẹ̀ yọ, tó ń sọ ọ́ sórí òrùlé bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe, ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́jú? Ǹjẹ́ imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà? Ǹjẹ́ orúnkún rẹ̀ máa ń wú láìṣe pé ó ṣubú? Ǹjẹ́ nǹkan oṣù ọmọbìnrin yìí máa ń pọ̀ kọjá ààlà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò lè yọ eyín irú ẹni bẹ́ẹ̀. A lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nídìí àtẹ oògùn, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ wánzámì. Dókítà eyín àti dókítà ẹ̀jẹ̀ yóò jọ sọ̀rọ̀ pọ̀. Wọ́n lè kọ́kọ́ fún un ní èròjà tó dín lára rẹ̀. Wọ́n lè rán ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tranexamic acid tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún tú. Kódà abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kí eyín má baà dunni lè fa kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ọ̀fun, tó lè dí ọ̀nà èémí. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe yíyọ nìkan ni ewu, abẹ́rẹ́ pàápàá ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀. Ní ti ìrora, kí wọ́n má lo aspirin tàbí ibuprofen, nítorí méjèèjì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Paracetamol ló dára fún wọn.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ, Ọ̀RỌ̀ YÍN NÌYÍ

Àwa tí a ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kì í sábà ka ara wa mọ́ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò ní oògùn nínú àpò? Aspirin kékeré tí dókítà ní kí a máa lò fún ọkàn tàbí nítorí rọpárọsẹ̀, clopidogrel, warfarin: gbogbo wọn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ń lò wọ́n náà nìyẹn.

Àṣìṣe méjì la máa ń ṣe. Àwọn kan kì í sọ fún oníṣègùn eyín rárá. Àwọn mìíràn á dá oògùn dúró fúnra wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí wọ́n má baà ṣẹ̀jẹ̀. Èkejì yìí lè burú ju èkíní lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lójú eyín, a lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ọpọlọ tàbí ọkàn, kò sí ẹni tó lè fi òwú tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣègùn kì í sábà ní kí a dá aspirin dúró torí eyín kan. Fún ẹni tó ń lo warfarin, àyẹ̀wò kan wà tí à ń pè ní INR. Bí iye rẹ̀ kò bá tó 4, ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà eyín ń tẹ̀ lé ni pé a lè yọ eyín pẹ̀lú ìṣọ́ra, láìdá oògùn dúró. Kí dókítà yín ló pinnu, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ kíyè sí èyí náà: Flagyl, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré rà ní kẹ́míìsì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, máa ń mú kí warfarin le jù lára. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀ láìsọ fún dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí kò rò.

NÍGBÀ TÍ ẸNU BÁ Ń JẸ́ IṢẸ́ Ẹ̀JẸ̀

Títí dé ibí, mo ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè kó bá ẹnu. Ẹnu náà lè tú àṣírí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára, èrìgì àti inú ètè á funfun ràkọ̀ràkọ̀, ahọ́n á dán, a sì máa ta, igun ẹnu á máa là. Ẹ̀yin aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ, ẹ máa wo èyí nínú dígí. Bí èrìgì bá ṣàdédé wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tí egbò ń sọ lẹ́nu, tí ara ń gbóná, tó sì ń rẹni ṣáá, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Èèyàn lè ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kọ́kọ́ gbọ́ pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣe yọ eyín rẹ̀ láìka iye platelet rẹ̀. Bí kò bá tó 50,000 nínú ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, wọ́n máa ń dúró ná, tàbí kí wọ́n fa platelet sí i lára.

Kì í ṣe gbogbo èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ìdọ̀tí ẹnu ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fọ ẹnu dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

KÍ LÓ DÉ TÍ A FI Ń DÁKẸ́?

Mo ti ronú lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìfẹ́ ló mú kí àbúrò mi ní kí n dákẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé wọn kò ní fẹ́ ọmọ òun. A ti mọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn, láti ibi ìsìnkú dé ibi ìkómọ. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ lágbájá ní SS, àánú ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, òfófó ni a ó fi parí rẹ̀. Àwa tí à ń sọ ọ́ kiri la jọ jẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tó fi í pamọ́. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ìyá máa sọ òótọ́ fún dókítà, àwa náà gbọ́dọ̀ dáwọ́ òfófó dúró.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà, mo ń bẹ ilé kọ̀ọ̀kan kí ó ṣe nǹkan márùn-ún yìí:

1. Kí gbogbo ọmọ ilé mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tó ń wá àfẹ́sọ́nà.

2. Ẹ kọ ọ́ sínú páálí kékeré kan: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, àìsàn tó bá wà, oògùn tó ń lò, àti nọ́ńbà dókítà rẹ̀. Ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì. Ẹni tí ojú bá ń tì láti sọ ọ́ lẹ́nu lè nà án sí dókítà.

3. Bí oníṣègùn eyín kò bá béèrè, kí ẹ̀yin fúnra yín sọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ rí òun nìkan. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn.

4. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé orí yíyọ. Kí a fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kí a dín mínírà àti súìtì kù, kí a sì lọ yẹ ẹnu wò kó tó máa dunni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìṣòro ló yẹ kó tọ́jú eyín jù, nítorí eyín tí kò bàjẹ́ kò ní fẹ́ yíyọ.

5. Bí wọ́n bá yọ eyín tán, ẹ gé òwú mímọ́ jẹ fún bí ìṣẹ́jú 30, ẹ má fi omi yọ ẹnu títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ òru.

Ìlú wa kò ṣaláìní ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Jos, tó wà lẹ́bàá Terminus tẹ́lẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Lamingo, ní àwọn oníṣègùn eyín àti àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí a gbé ọ̀ràn tó bá ta kókó lọ.

Ọmọ àbúrò mi tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún báyìí. Òun ló fún mi láṣẹ pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Ó ní ọkọ. AA ni ọkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún un pé SS ni òun ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n mọ ara wọn. Ọkùnrin náà kò sá lọ. Àlàfo eyín kan ṣì wà lápá òsì ẹnu rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rí i, mo sì máa ń rántí pé èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀. Olúwa yóò máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wa, kì yóò sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ. Àṣẹ.